Àṣírí Tí Tamsin Fi Gba Ẹ̀bùn

“Tamsin, sọ fún mi, ta ni kò mọ èyí?”

Ọ̀gbẹ́ni Pargeter gbé àròkọ tí ọmọ náà kọ sókè lójú gbogbo kíláàsì, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn omi kúrò lára aṣọ. Tamsin Garrod tẹjú mọ́ tábìlì rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, bí ojú bá sì ń tì í, etí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n. Etí náà ti pọ́n báyìí.

“Wọ́n bí Ambrose Thirlby ní Wenfleet. Bàbá rẹ̀ ń ta ẹja. Ó kọ eré-oníṣe mẹ́sàn-án àti ìwé ewì mẹ́fà. Ó kú sídìí tábìlì rẹ̀, kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀.” Tíṣà náà gbé ìwé náà kalẹ̀. “Ọmọ tó bá ti gba iwájú ère ọkùnrin yẹn láàrin ìlú kọjá lẹ́ẹ̀mejì ti mọ gbogbo ìyẹn. O mọ ìwé kọ, Tamsin. Ṣùgbọ́n kí ni ìwọ ní tí ẹlòmíràn kò ní?”

“Mi ò ní nǹkan kan, sà.”

“Wá a rí kó tó di ọjọ́ Ajé.”

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú etíkun yẹn tí kò fẹ́ gba ẹ̀bùn Thirlby. Lọ́dọọdún ni àwọn tó ń bójú tó ilé tí akéwì náà gbé, tó ti di ibi ìrántí, máa ń ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé kọ àròkọ lórí ìgbésí ayé rẹ̀ àti àwọn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá borí yóò ka tirẹ̀ sétí gbogbo ìlú ní ọjọ́ ìbí akéwì, lẹ́yìn náà yóò lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin àwọn tó ń kọ eré-oníṣe. Tamsin ti ń fi ojú sí ẹ̀bùn yìí láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún méjìlá, nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un lọ wo eré Thirlby kan tó dá lórí àwọn tó ń ṣọ́ iná fún ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ilé. Ìyá rẹ̀ rò pé inú ló ń run ún.

Ìyá yìí, Diane, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà lẹ́bàá òkun. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń bọ́ wọn, òun ló ń ṣe irun wọn. Bí ó bá ti di ọjọ́ Àbámẹ́ta, Tamsin yóò wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a níbẹ̀, yóò sì jókòó ti Mísì Winnie kí àwọn méjèèjì jọ ta káàdì.

Winifred Oakes ni orúkọ Mísì Winnie gan-an. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, etí rẹ̀ kan sì ti di, àmọ́ ojú rẹ̀ ríran kedere, pàápàá bí ó bá fẹ́ yọjú wo káàdì ọwọ́ ẹlòmíràn. Nígbà èwe rẹ̀, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé Thirlby, òun nìkan ló sì kù láyé nínú gbogbo ẹni tó gbé abẹ́ òrùlé yẹn nígbà tí akéwì ṣì wà láàyè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn aláṣẹ ilé náà ti wá bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tó sọ fún wọn kò ju pé ọ̀gá òun kò fẹ́ kí wọ́n se ẹyin òun jinná púpọ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé ìbáwí tíṣà, Tamsin kò mú káàdì jáde. Ìwé rẹ̀ ló mú jáde.

“Mísì Winnie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan yìí. Tíṣà wa ní kò dùn.”

“Kà á. Bí mo bá ti sùn lọ, a jẹ́ pé òótọ́ ni tíṣà rẹ sọ.”

Tamsin kà á. Ó ka ibi tí wọ́n ti bí i, ó ka ilé ìwé tó lọ, ó ka àwọn eré àti àwọn ewì, títí ó fi dé ibi tí akéwì kú sí, kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rò pé ìyá àgbà yóò ti máa hanrun. Kò sùn. Ojú fèrèsé ló ń wò, omi sì ti gbà á lójú.

“Kò rí bẹ́ẹ̀,” ni Mísì Winnie wí.

“Kí ni kò rí bẹ́ẹ̀, mà?”

“Ti ilẹ̀kùn yẹn, ọmọ mi.”

Tamsin tì í. Ìyá àgbà nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

“Ọdún méjì tó kẹ́yìn, kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló fi ń pè mí. Á jókòó sídìí tábìlì yẹn láti àárọ̀, á kọ ìlà kan ṣoṣo, á tún un kọ, á tún un kọ, títí tákàdá á fi kún. Nígbà mìíràn á ní kí n kàwé sóun létí. Lọ́jọ́ kan, mo mú ọ̀kan nínú àwọn eré tirẹ̀, mo kà á fún un. Ó gbọ́ ọ parí, ó wá bi mí pé, ‘Ta ló kọ èyí? Onítọ̀hún mọ̀ ọ́n kọ o.’”

Tamsin rẹ́rìn-ín. Mísì Winnie náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ kò pẹ́ lójú rẹ̀.

“Ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó ti dà bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, obìnrin náà wọ ọkọ̀ ojú irin lọ rí oníṣègùn eyín. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, ‘Winnie, ti ilẹ̀kùn o. Má kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.’ Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Stanley, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ọjọ́ kejì ló ń lọ wọṣẹ́ ológun. Ó wá súfèé lẹ́yìn ọgbà. Mo ní kí n kàn fi ìṣẹ́jú márùn-ún dágbére fún un. Mi ò ti ilẹ̀kùn.”

Ó yíjú padà sí fèrèsé.

“Ìṣẹ́jú márùn-ún náà di bíi wákàtí kan. Nígbà tí mo padà, bàtà inú ilé rẹ̀ wà lábẹ́ àga, òun kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣa ìṣáwùrú ló rí i nínú ẹrẹ̀ etí òkun nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ lásán, aṣọ tín-ínrín, nínú òtútù yẹn. Ó ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ti dé nígbà náà; ó bẹ àwọn tó rí i kí wọ́n má sọ ọ́, òun àti dókítà gbé ọkọ rẹ̀ wálé, wọ́n gbé e jókòó sídìí tábìlì, wọ́n fi kálàmù há a lọ́wọ́. Èmi ni mo nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.”

“Ṣé ìyàwó rẹ̀ bínú sí yín?”

“Kò bá mi wí rárá. Ká ní ó gbá mi létí ni, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Ó kàn sọ pé, ‘Winnie, ilé ìdáná lo wà. O kò rí nǹkan kan.’ Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin nìyẹn, ọmọ mi. Mi ò tíì jáde kúrò nínú ilé ìdáná yẹn.”

“Stanley wá ńkọ́?”

“Ó lọ. Kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí mi. Eyín rẹ̀ kò tilẹ̀ dáa.” Ó di ọwọ́ Tamsin mú. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, ó tutù. “Mo fẹ́ kí ẹnì kan péré mọ̀ kí n tó kú. Ìwọ ni mo yàn. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, Tamsin. Màmá rẹ pàápàá.”

“Mi ò ní sọ ọ́. Mo búra fún yín.”

Tọkàntọkàn ló fi búra. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó ti ń gbèrò ibi nígbà náà. Nígbà tó wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, ẹkún ló ń sun fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ òkú.

Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí tákàdá òfìfo wà níwájú rẹ̀, ìbéèrè tíṣà padà sí i lọ́kàn. Kí ni ìwọ ní tí ẹlòmíràn kò ní? Ó kọ ìlà kan nípa bàbá tó ń ta ẹja, ó fà á ya. Ó kọ òmíràn, ó fà á ya. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò kàn kọ ti Mísì Winnie láti fi mọ bí yóò ṣe rí, òun kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Wákàtí mẹ́ta ni kò fi dìde. Ohun tó kọ yìí dára, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó dára. Gbólóhùn kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó kà tó tún kà, tí inú rẹ̀ sì ń dùn sí i: “Ìṣẹ́jú márùn-ún ìfẹ́ ni ọmọbìnrin kan fẹ́ rà, ẹ̀mí akéwì wa ló fi san án.”

Lẹ́yìn náà ni àwáwí bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sá dárúkọ ẹnikẹ́ni, “ọmọ ọ̀dọ̀ kan” ló pè é. Mísì Winnie kò tíì jáde nínú ilé ìtọ́jú láti ọdún méjì, kì í sì í ka ìwé ìròyìn. Àti pé òtítọ́ ni, òtítọ́ kò sì yẹ kó wà nípamọ́. Bó ṣe ń parọ́ fún ara rẹ̀ nìyẹn, títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Pargeter kà á lórí ìdúró. Nígbà tó parí, ó jókòó.

“Níbo lo ti rí èyí?”

“Ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi, sà.”

“Ẹni náà mọ̀ pé o fẹ́ kọ ọ́? Ó gbà pé kí o kọ ọ́?”

Bí ó bá fẹ́ padà, ibẹ̀ ni ì bá ti padà. Tíṣà dúró, ó ń wò ó lójú.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Tamsin wí. Etí rẹ̀ pọ́n kankan, tíṣà sì fẹ́ gbà pé ayọ̀ ló fà á.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè dé ọ̀dọ̀ Mísì Winnie mọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó ní orí ń fọ́ òun. Ní èyí tó tún tẹ̀ lé e, ó ní ìdánwò ti sún mọ́lé. Diane dé láti ibi iṣẹ́, ó gbé bísíkíìtì tí wọ́n fi ìwé ìnuwọ́ wé sórí tábìlì.

“Mísì Winnie ló ní kí n gbé e fún ọ. Ó ní kí o má fi ìwé kíkà pa ara rẹ.”

Tamsin gbé bísíkíìtì náà wọ yàrá, kò lè jẹ ẹ́. Ó gbé e sínú àpótí aṣọ, ó fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó.

Lẹ́tà dé ní ìparí oṣù Kẹta: Tamsin ló gba ipò kìíní. Diane gbá a mọ́ra, ó fò sókè nínú ilé ìdáná, ó fẹ́ ka àròkọ náà lójú ẹsẹ̀.

“Ẹ máa gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, Mọ́mì,” ni Tamsin wí, ó sì fi ìwé rẹ̀ pamọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ ìbí akéwì mọ́ roro. Wọ́n to àga sínú ọgbà ilé Thirlby, wọ́n gbé tíì àti kéèkì sórí tábìlì gígùn, àwọn èèyàn bíi igba sì jókòó. Wọ́n ti tẹ àròkọ náà sínú ìwé pélébé kan, wọ́n pín in fún gbogbo ẹni tó wọlé. Ìyáàfin Lorimer, tó jẹ́ alága àwọn tó ń bójú tó ilé náà, pe orúkọ Tamsin, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ó sì dìde lọ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ó ti ka ojú ìwé kìíní tán kó tó gbójú sókè. Ìgbà náà ló rí ìyá rẹ̀ tó ń ti àga onítáyà bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọgbà, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mú ẹ̀bùn wá. Mísì Winnie ló jókòó lórí àga náà. Wọ́n ti kun ètè rẹ̀, ó dé fìlà aláwọ̀ búlúù kan tí Tamsin kò rí lórí rẹ̀ rí, ó sì gbé ọwọ́ sókè, ó juwọ́ sí ọmọ náà.

Ó rò ó pé kí òun fo ibẹ̀ kọjá, àmọ́ ìwé wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi ìka tẹ̀ lé e. Ó rò ó pé kí òun ní ara òun kò yá. Ó rò ó pé kí òun ya ìwé náà kí òun sì sá lọ. Èyíkéyìí nínú wọn ni ì bá dára ju ohun tó ṣe lọ. Ó ń kà á lọ. Ojú igba èèyàn wà lára rẹ̀, kò sì ní ìgboyà láti dákẹ́.

Ó ka ti àbúrò tí akéwì ń fi orúkọ rẹ̀ pe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ka ti bàtà abẹ́ àga. Nígbà tó dé orí gbólóhùn rẹ̀ tó dùn mọ́ ọn yẹn, tó sọ pé ọmọbìnrin kan fi ẹ̀mí akéwì san ìṣẹ́jú márùn-ún ìfẹ́, ó gbọ́ ọ bí Mísì Winnie ṣe ń gbọ́ ọ. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà burú. Kò gbójú sókè mọ́ títí ó fi parí.

Àtẹ́wọ́ rọ̀ bí òjò. Ìyáàfin Lorimer gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ohun ńlá rèé! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nílé yìí, mi ò gbọ́ ọ rí. Ta wá ni ọmọ ọ̀dọ̀ náà, Tamsin? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni tilẹ̀ mọ̀ ọ́n?”

Tamsin tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n mọ̀ pé Mísì Winnie ló ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé náà.

“Èmi ni,” ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn.

Kò pariwo, àmọ́ gbogbo ọgbà gbọ́ ọ. Mísì Winnie na ẹ̀yìn rẹ̀ gún régé lórí àga rẹ̀.

“Èmi ni Winifred Oakes. Èmi ni mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì.” Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Diane. “Jọ̀ọ́, mú mi lọ sílé.”

Diane kò wo ọmọ rẹ̀. Ó yí àga náà padà, táyà rẹ̀ sì ń dún lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí wọ́n fi jáde. Kò sí ẹni tó tún jẹ kéèkì púpọ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Diane dé ilé, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kì í bọ inú omi, ó ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ wà níbẹ̀. Tamsin dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Mọ́mì, ẹ sọ̀rọ̀.”

“Ó sọ fún ọ pé kí o má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ìwọ sì gbà?”

“Mo búra.”

Diane fún aṣọ náà. “Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wẹ àwọn àgbà yẹn. Bí wọ́n bá wà níhòòhò lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n máa ń sọ ohun tí wọn kò sọ fún ọmọ tí wọ́n bí. Ẹni tó jalè rí. Ẹni tó kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ǹjẹ́ o ti gbọ́ ọ̀kan rí lẹ́nu mi?”

“Rárá, mà.”

“Èmi ni mo kun ètè rẹ̀. Ó ní kí n ṣe òun lẹ́wà nítorí ọmọ òun fẹ́ kàwé.” Ó yíjú kúrò. “Lọ sùn, Tamsin. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí mo máa kábàámọ̀.”

Oòrùn kò tíì wọ̀, àmọ́ Tamsin lọ dùbúlẹ̀.

Ìwé ìròyìn ìlú gbé e jáde lọ́jọ́ kẹta: “Àìbìkítà Ọmọ Ọ̀dọ̀ Ló Pa Thirlby.” Wọ́n fi àwòrán Mísì Winnie sí i pẹ̀lú fìlà búlúù rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pe ilé ìtọ́jú lórí fóònù, àwọn kan láti bá a kẹ́dùn, àwọn kan láti bi í léèrè ìdí tó fi purọ́ fún ìlú fún ọdún tó pọ̀ tó yẹn. Mísì Winnie kò wá sí yàrá ìjẹun mọ́. Ọ̀gá ilé ìtọ́jú pe Diane jókòó, ó bi í bóyá òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó lọ sílé. Ó ní rárá, wọ́n sì gbà á gbọ́, àmọ́ bàbá kan tó máa ń bá a rojọ́ láràárọ̀ dákẹ́ pátápátá nígbà tó wọ yàrá rẹ̀ láti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí Diane sunkún.

Ní ilé ìwé, àwọn kan ń kí Tamsin kú oríire. Àwọn mìíràn ń ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ rọra sọ̀rọ̀ o,” ni ọmọkùnrin kan ké nínú ilé oúnjẹ, “Tamsin ń bọ̀! Bó bá gbọ́ ohun tí màmá rẹ sọ ní ilé ìwẹ̀, orí rédíò lo ti máa tún un gbọ́!”

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Tamsin gbé abọ́ rẹ̀ jáde, ó lọ jẹun lẹ́yìn kíláàsì. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Pargeter.

“Mo parọ́ fún yín, sà. Kò gbà pé kí n kọ ọ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́.”

Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀. “Mo rí etí rẹ lọ́jọ́ náà,” ni ó wí. “Ó yẹ kí n bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àròkọ náà dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ ni mi ò fi bi ọ́.”

Àwọn méjèèjì jọ kọ lẹ́tà sí Ìyáàfin Lorimer. Tamsin dá ẹ̀bùn náà padà, ẹlòmíràn sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù dípò rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ìwé pélébé tó kù kúrò nílé akéwì. Àmọ́ igba ìwé ti wà nínú igba ilé, kò sì sí ẹni tó lè lọ gbà wọ́n padà.

Gbogbo ìyẹn rọrùn ju èyí tó kù lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tamsin wọ bọ́ọ̀sì dé iwájú ilé ìtọ́jú tó sì padà láìsọ̀kalẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sọ̀kalẹ̀.

Mísì Winnie wà lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti rù. Ó wo ọmọ náà títí.

“Jókòó.”

Tamsin jókòó. Ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ láti ilé fò lọ pátá. “Ẹ má bínú,” ni ó wí, ẹkún sì gbé e. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Mísì Winnie. Mo dalẹ̀ yín. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni. Mi ò ní àwáwí.”

Ìyá àgbà jẹ́ kó sunkún tó.

“Kì í ṣe pé ìlú mọ̀ ló ká mi lára jù,” ni ó wá sọ. “Mo ti dàgbà, ìlú lè sọ ohun tó wù ú. Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí ni mo sọ fún ọ, Tamsin. O wá lọ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tó ń dùn létí àwọn èèyàn. Ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ yẹn, mo tún rí ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára.”

“Kí ni mo lè ṣe, mà?”

“Kò sí. Má wá ohun kan ṣe kí ara lè tù ọ́.” Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́. “Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí mo ṣe tèmi. Mẹ́rìndínlógún ni ìwọ. Mi ò ní pariwo lé ọ lórí. Mo máa dárí jì ọ́. Bóyá mo ti dárí jì ọ́, mi ò tíì mọ̀. Àmọ́ mi ò ní sọ fún ọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣe nǹkan.”

Tamsin ní kí òun máa lọ. Mísì Winnie kò ní kó má lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ìyá àgbà wí pé, “O lè máa wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí o bá fẹ́.”

Ó ń lọ. Ó lọ jálẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lọ nígbà tí ewé ń já, ó lọ nígbà ìdánwò pàápàá. Wọ́n ń ta káàdì, Mísì Winnie sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ jẹ. Ó ń béèrè bí ìwé ṣe ń lọ, ó ń fi ọ̀gá alásè ibẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rí wọn yóò sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, Tamsin rí i tó dákẹ́ tó tẹjú mọ́ òkun, tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ó gbé káàdì rẹ̀ kalẹ̀.

“Kí lẹ ń rò, Mísì Winnie?”

Obìnrin arúgbó náà yíjú sí i. Ọ̀rọ̀ kan ti dé ètè rẹ̀, Tamsin rí i níbẹ̀ gbangba. Lẹ́yìn náà ló rí i bó ṣe gbé e mì padà.

“Mo rò pé òjò máa rọ̀,” ni Mísì Winnie wí. “Ìwọ lo kàn.”

Ojú ti Tamsin lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ inú ọgbà lọ. Ó mọ̀ nígbà náà pé ìyá yìí lè fẹ́ràn òun títí yóò fi kú, kó sì máa ta káàdì pẹ̀lú òun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àmọ́ kò ní fi ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ han òun mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, bí ẹnì kan bá gbà yín gbọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún yín, tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣì jẹ́. Kì í ṣe tiyín láti tà, láti fi gbayì, tàbí láti fi gba ẹ̀bùn, bó ti wù kí ẹ mọ̀ ọ́n sọ tó. Ẹni náà lè dárí jì yín bí ẹ bá dalẹ̀ rẹ̀. Kò di dandan kó tún gbọ́kàn lé yín.

Tamsin mú káàdì kan, ó fi lélẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni ó wí. “Ó jọ pé ó máa rọ̀.”